Àkókò Oúnjẹ àti Aago Inú Ara

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni a fẹ́ jíròrò lé lórí, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú oúnjẹ tí a ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe bí ó ti pọ̀ tó. Àkókò tí a ń jẹ ẹ́ ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé oúnjẹ kò ní àkókò: ìgbà tí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́ ni kí á jẹ ẹ́, nítorí pé bí ebi bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ń sọ pé àìjẹun gan-an ni oògùn, pé bí ènìyàn bá ti lè fi ẹnu dilẹ̀ fún wákàtí 16 lójoojúmọ́, kò sí àìsàn tí yóò lè gbé e dè. Èrò méjèèjì ni ó ní ìdí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó pé nínú wọn. Ohun tí a fẹ́ là yé ara wa ni pé ara ọmọ ènìyàn ní aago tirẹ̀. Pé oúnjẹ wà lára ohun tí ń yí ọwọ́ aago náà. Àti pé ààwẹ̀ tí a bá gbà láìka aago yìí sí lè ṣàìṣe ara ní àǹfààní, ó tilẹ̀ lè pa aláìsàn lára.

Àwọn baba wa kò ní aago ọwọ́, síbẹ̀ wọ́n pín ọjọ́ bí ó ti yẹ. Ìdájí wà, àfẹ̀mọ́júmọ́ wà, òwúrọ̀ wà. Ìyálẹ̀ta ni ó tẹ̀ lé òwúrọ̀, ọ̀sán gangan sì tẹ̀ lé ìyálẹ̀ta. Lẹ́yìn náà ni ìrọ̀lẹ́, àṣálẹ́ àti ọ̀gànjọ́ òru. Ìpín kọ̀ọ̀kan ni ó ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ń kọ ebè ní ọ̀gànjọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ń pa àlọ́ ní ọ̀sán gangan. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fi hàn pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀ràn rí nínú ara: iṣẹ́ tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe ní ìyálẹ̀ta kọ́ ni ó ń ṣe ní ọ̀gànjọ́.

Aago tí Kò Sí lára Ògiri

Kò sí ọmọ tí a tọ́ dàgbà ní ìgbèríko ilẹ̀ wa tí kò mọ patanmọ́. Bí a bá fọwọ́ kàn án, yóò pa ewé rẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án, patanmọ́ a máa pa ewé dé fúnra rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, a sì tún máa là á nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ní ọdún 1729, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jean-Jacques d'Ortous de Mairan gbé irú ewéko bẹ́ẹ̀ sínú òkùnkùn, níbi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn kò lè dé. Ohun tí ó rí yani lẹ́nu. Ewéko náà kò yé la ewé ní àkókò tí ilẹ̀ mọ́ lóde, kò sì yé pa á dé ní àkókò tí ilẹ̀ ṣú. A jẹ́ pé kì í ṣe oòrùn nìkan ni ó ń pàṣẹ fún un. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí ń ka wákàtí.

Bí ó ti rí fún ewéko ni ó rí fún ẹyẹ ilé. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé àkùkọ a máa kọ kí ojúmọ́ tó mọ́. Ní ọdún 2013, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Nagoya ní ilẹ̀ Jàpáànù sọ ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n kó àwọn àkùkọ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ bàìbàì kan náà wà tọ̀sán-tòru. Kò sí ojúmọ́ níbẹ̀, kò sì sí alẹ́. Síbẹ̀ àwọn àkùkọ náà ń kọ lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 24 síra wọn. Àkùkọ kò wo ojú ọ̀run kí ó tó kọ. Inú ara rẹ̀ ni ó ti ń gbọ́ àsìkò.

Ta ni ó wá ń yí ọwọ́ aago náà? Ní ọdún 1971, Ronald Konopka àti olùkọ́ rẹ̀, Seymour Benzer, ní ìpínlẹ̀ California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí lára àwọn eṣinṣin wínníwínní tí ó máa ń kùn lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó bá pọ́n jù. Wọ́n rí i pé ohun àjogúnbá kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì eṣinṣin náà tí ó jẹ́ pé bí ó bá yí padà, aago eṣinṣin lè yára jù, ó lè falẹ̀ jù, ó sì lè dàrú pátápátá. Lẹ́yìn èyí ni Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young wá ṣàlàyé bí ohun àjogúnbá náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì máa ṣe èròjà kan jọ ní òru. Bí èròjà náà bá pọ̀ tó, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dí ọ̀nà tí a fi ń ṣe é. Bí ó bá sì ti ń tán lọ ní ọ̀sán, ọ̀nà náà a tún là. Ìyípo yìí ń gba nǹkan bí wákàtí 24. Nítorí iṣẹ́ yìí ni a ṣe fún àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn ní ọdún 2017. Irú aago kan náà ni ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ọmọ ènìyàn.

Ọ̀gá Aago àti Àwọn Aago Kéékèèké

Nínú ọpọlọ ni ọ̀gá aago wà, ní òkè ibi tí iṣan ojú ọ̀tún àti ti òsì ti gba ara wọn kọjá. Kò tóbi tó ẹyọ ìrẹsì kan. Sẹ́ẹ̀lì tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 20,000 lọ. Ní ọdún 1972 ni ọ̀wọ́ olùwádìí méjì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi hàn lára eku pé bí a bá ba ibẹ̀ jẹ́, eku náà kò ní ní àsìkò iṣẹ́ àti àsìkò ìsinmi tí ó ṣe déédéé mọ́. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ń gba ojú wọlé ni ó ń tún aago yìí ṣe lárààárọ̀, nítorí pé lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìyípo rẹ̀ fi díẹ̀ ju wákàtí 24 lọ. Bí kò bá sí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ tí ń dá a padà sí ipò, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa fà sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá aago nìkan kọ́ ni ó wà. Ẹ̀dọ̀ ní aago; àpòlúkù àti ìfun ní aago; kíndìnrín, ọkàn àti ọ̀rá ara pẹ̀lú ní tiwọn. Nígbà tí ó jẹ́ pé olùkọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú yín, ẹ jẹ́ kí á fi ilé-ẹ̀kọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀gá àgbà ni ó ni agogo ńlá tí a ń lù fún gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣètò iṣẹ́ kíláàsì tirẹ̀. Bí agogo ọ̀gá àti ètò àwọn olùkọ́ bá bára mu, iṣẹ́ a lọ ní mẹ́lọmẹ́lọ. Bí wọn kò bá bára mu, a jẹ́ pé rúdurùdu ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ fún ìjíròrò wa nìyí: ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀gá aago ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, ṣùgbọ́n oúnjẹ ni àwọn aago kéékèèké, pàápàá ti ẹ̀dọ̀, ń tẹ̀ lé. Ní ọdún 2000, Ueli Schibler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Geneva ní ilẹ̀ Switzerland fi èyí hàn lára èkúté. Òru ni èkúté máa ń jẹun. Àwọn olùwádìí náà kò jẹ́ kí àwọn èkúté wọn rí oúnjẹ àfi ní ọ̀sán. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, aago ẹ̀dọ̀ wọn yí padà, ó gba ọ̀sán bí òru. Ṣùgbọ́n aago inú ọpọlọ wọn kò yẹsẹ̀. Ẹ wò ó bí ọ̀gá àgbà bá ń lu agogo ìpàdé òwúrọ̀ nígbà tí àwọn olùkọ́ ń palẹ̀ ìwé mọ́ láti lọ sí ilé. Irú nǹkan báyìí ni a ń fà sínú ara nígbà tí a bá sọ ọ̀gànjọ́ òru di àkókò oúnjẹ.

Òwúrọ̀ àti Òru Kì í Ṣe Ẹgbẹ́

Nígbà tí a bá jẹ ẹ̀kọ, iyán tàbí búrẹ́dì, ara yóò sọ ọ́ di ṣúgà, ṣúgà náà yóò sì wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpòlúkù tí ń tú èròjà tí a ń pè ní ínsúlínì jáde. Ínsúlínì ni ó ń ṣí ìlẹ̀kùn kí ṣúgà lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ibi tí a ó ti lò ó tàbí tí a ó fi í pamọ́ sí.

Ní òwúrọ̀, ara a máa dáhùn sí ínsúlínì dáadáa. Bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀ ni ìdáhùn yìí ń dínkù. Nígbà tí ilẹ̀ bá sì ṣú, ọpọlọ a bẹ̀rẹ̀ sí í tú mẹlatónínì jáde, èròjà tí ń kéde fún gbogbo ara pé òru ti dé. Mẹlatónínì kan náà yìí a máa dín ìtújáde ínsúlínì kù. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí ẹnìkan bá jẹ abọ́ oúnjẹ kan ní òwúrọ̀, tí ó sì tún jẹ irú rẹ̀ gan-an ní alẹ́, ti alẹ́ ni yóò mú kí ṣúgà ga jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí yóò sì pẹ́ jù níbẹ̀. Oúnjẹ kan náà ni, ẹnu kan náà ni ó jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ara tí ó gbà á kò sí ní ipò kan náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àpòlúkù àti ìfun. Àpòlúkù kì í tètè gbé oúnjẹ kúrò ní alẹ́ bí ó ti ń ṣe ní òwúrọ̀, ìfun ńlá a sì máa sinmi ní òru. Bí ènìyàn bá jẹ àjẹyó tí ó sì nà gbalaja sórí ibùsùn lójú kan náà, omi kíkan inú àpòlúkù lè padà sókè sí ọ̀nà ọ̀fun. Ni àyà yóò bá máa ta á, tí oorun rẹ̀ yóò sì máa já.

Ohun tí Ìwádìí Fi Hàn

Láti nǹkan bí ọdún 2010 ni ọ̀rọ̀ jíjẹun láàrin ìwọ̀nba wákàtí lóòjọ́ ti gba ẹnu àwọn onímọ̀ kan. Ní ọdún 2012, Satchin Panda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-ìwádìí Salk ní California tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n fún ọ̀wọ́ èkúté méjì ní oúnjẹ ọlọ́ràá kan náà, ìwọ̀n kan náà. Ọ̀wọ́ kìíní ń jẹ tirẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ọ̀wọ́ kejì ń jẹ tirẹ̀ láàrin wákàtí 8 péré, ní àsìkò tí ó yẹ kí èkúté jẹun. Ọ̀wọ́ kìíní sanra, ẹ̀dọ̀ wọn sì kún fún ọ̀rá. Ọ̀wọ́ kejì kò sanra bẹ́ẹ̀, ara wọn sì le jù.

Èkúté kì í ṣe ènìyàn, nítorí náà àwọn onímọ̀ ní láti wo ọmọ ènìyàn. Ní ilẹ̀ Sípéènì, níbi tí oúnjẹ ọ̀sán ti jẹ́ oúnjẹ ńlá, a tọ́jú 420 ènìyàn tí wọ́n fẹ́ dín sísanra wọn kù fún ọ̀sẹ̀ 20. Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2013. Àwọn tí ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán lẹ́yìn aago 3 kò fọn tó àwọn tí ń jẹ tiwọn ṣáájú àkókò náà, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ tí àwọn méjèèjì ń jẹ kò yàtọ̀ púpọ̀. Ní ọdún 2018, Yunifásítì Alabama ní Birmingham ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí lára ọkùnrin 8 tí wọ́n ti ń sún mọ́ àrùn àtọ̀gbẹ. Fún ọ̀sẹ̀ 5, wọ́n ń jẹ gbogbo oúnjẹ wọn láàrin wákàtí 6, tí wọ́n sì ń parí rẹ̀ ṣáájú aago 3 ọ̀sán. Wọn kò fọn, nítorí pé a rí i dájú pé oúnjẹ wọn kò dínkù. Síbẹ̀ ara wọn dáhùn sí ínsúlínì dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru wọn sì rọlẹ̀. Ọkùnrin 8 kò pọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ìwádìí náà fi hàn bá ohun tí a ti sọ nípa aago ara mu.

Ó yẹ kí á gbọ́ ẹnu apá kejì pẹ̀lú. Ní ọdún 2020, a tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lára 116 ènìyàn, fún ọ̀sẹ̀ 12. Àwọn kan nínú wọn ń jẹun láti aago 12 ọ̀sán sí aago 8 alẹ́ nìkan. Àwọn yòókù ń jẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Nígbà tí a wọ̀n wọ́n, kò sí ìyàtọ̀ pàtàkì láàrin ọ̀wọ́ méjèèjì. Ní ọdún 2022, a tún gbọ́ ti ìwádìí mìíràn láti ilẹ̀ Ṣáínà, lára 139 ènìyàn tí wọ́n sanra jù, fún odindi ọdún kan. Gbogbo wọn ni a dín oúnjẹ wọn kù; àwọn kan ń jẹ ẹ́ láàrin aago 8 òwúrọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́ nìkan. Ọ̀wọ́ méjèèjì fọn, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò fi ohun kan gbòógì ju èkejì lọ.

Kí ni a rí kọ́? Èkíní, àìjẹun fún wákàtí púpọ̀ kì í ṣe idán. Ẹni tí ó bá fi ọ̀sán gbààwẹ̀, tí ó wá fi alẹ́ jẹ oúnjẹ ẹni méjì, kò tíì ṣe nǹkan kan fún ara rẹ̀. Èkejì, àǹfààní àkókò hàn jù nínú ọ̀ràn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ju nínú ọ̀ràn sísanra lọ. Ẹ̀kẹta, ó dà bí ẹni pé ẹni tí ó jẹun ní kùtùkùtù tí ó sì tètè dáwọ́ dúró ní ìrọ̀lẹ́ sàn ju ẹni tí ó fo oúnjẹ òwúrọ̀ tí ó wá ń jẹun di òru lọ, bí iye wákàtí tí àwọn méjèèjì fi gbààwẹ̀ tilẹ̀ dọ́gba.

Ààwẹ̀ àwọn Ẹlẹ́sìn

Ní ilẹ̀ wa, bí a bá dárúkọ ààwẹ̀, ẹ̀sìn ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ẹni, bí ó sì ti yẹ kí ó rí nìyẹn. Ìjọsìn ni ààwẹ̀. A kò pe ẹnikẹ́ni kí ó sọ ọ́ di oògùn ara sísan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń sin Ọlọ́run kò ní ìdí láti ṣe ara rẹ̀ léṣe.

Àwọn Mùsùlùmí ń gbààwẹ̀ oṣù Rámádánì láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Ní ìhà wa, ilẹ̀ tí ó sún mọ́ agbedeméjì ayé, èyí kì í ju nǹkan bí wákàtí 13 sí 14 lọ ní oṣù yòówù tí ààwẹ̀ bá bọ́ sí, nítorí pé ìyàtọ̀ láàrin ọjọ́ tí ó gùn jù àti èyí tí ó kúrú jù ní Ìbàdàn kò tó wákàtí kan. Ọ̀ràn àwọn ènìyàn wa tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, oòrùn a máa wà lójú ọ̀run fún ohun tí ó lé ní wákàtí 16 ní oṣù kẹfà, ṣùgbọ́n kì í tó wákàtí 8 ní ìparí ọdún. Nígbà tí ó sì jẹ́ pé ọdún Ìsìláàmù fi bí ọjọ́ 11 kúrú sí ti oòrùn, ààwẹ̀ ń yí ká gbogbo ìgbà ọdún.

Ẹ̀yin yóò ti rí i pé òru ni aláàwẹ̀ Rámádánì ń jẹun, èyí tí ó dà bí ẹni pé ó lòdì sí ohun tí a ti ń sọ bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú ètò rẹ̀. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù gba àwọn aláàwẹ̀ níyànjú pé kí wọ́n tètè ṣínu bí oòrùn bá ti wọ̀, kí wọ́n má sì tètè jẹ sààrì jù. Bí a bá tẹ̀ lé èyí, ìṣínu yóò wà ní ẹnu ọ̀nà òru, sààrì yóò sì wà ní ẹnu ọ̀nà ojúmọ́. Àárín méjèèjì ni ara yóò ti rí oorun sùn. Nítorí sààrì yìí ni àwọn onílù àti olórin ṣe máa ń yí àdúgbò ká ní ìdájí láti jí àwọn ènìyàn. Inú orin wéré wọn ni orin fújì sì ti jáde. Ohun tí ó ń ba ètò rere yìí jẹ́ ni kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun nígbà ìṣínu, kí ó máa jẹ ẹ́ lọ títí di ọ̀gànjọ́, kí ó sì sùn kọjá àsìkò sààrì. Ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ji ní ọjọ́ kejì tòun ti àárẹ̀, yóò sì sọ pé ààwẹ̀ ni ó mú òun, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ààwẹ̀, àjẹjù òru ni.

Àwọn Kìrìsìtẹ́nì pẹ̀lú ní ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ ti Lẹ́ńtì, ìjọ sì lè kéde ààwẹ̀ nígbàkigbà nínú ọdún. Àwọn kan a máa gba ààwẹ̀ gbígbẹ, láìmu omi, fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra. Ó yẹ kí á kìlọ̀ níhìn-ín. Ara lè fi ọ̀rá àti ṣúgà tí ó ti fi pamọ́ gbéra fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ibi tí ó ń fi omi pamọ́ sí bẹ́ẹ̀. Nínú ooru ilẹ̀ wa, tí òógùn ń gbẹ́ni lómi, kíndìnrín ni ó sábà máa ń san gbèsè irú ààwẹ̀ yẹn.

Aláìsàn àti Ààwẹ̀

Ibi tí ọ̀ràn yìí ti le jù lọ nìyí, a sì bẹ̀ yín kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ẹni tí ó ní àrùn àtọ̀gbẹ, tí ó ń lo oògùn tàbí tí ó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì, kò gbọdọ̀ dédé bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Oògùn rẹ̀ ń lé ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí kò bá sí oúnjẹ tí yóò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ṣúgà lè lọ sílẹ̀ débi tí ọpọlọ kò ní rí ohun tí yóò lò. Ní ọdún 2001, a ṣe ìwádìí ńlá kan lára 12,243 Mùsùlùmí tí wọ́n ní àtọ̀gbẹ ní orílẹ̀-èdè 13. Láàrin àwọn tí wọ́n ní irú àtọ̀gbẹ tí ó wọ́pọ̀ lára àgbàlagbà, bí ṣúgà ṣe ń lọ sílẹ̀ lọ́nà tí ó léwu fi bí ìlọ́po 7 pọ̀ nínú oṣù ààwẹ̀ ju oṣù mìíràn lọ.

Àmì rẹ̀ ni kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí òógùn tútù máa bò ènìyàn, kí òòyì máa kọ́ ọ, kí ojú máa ṣú, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa lọ́. Ẹni tí ó bá rí àmì wọ̀nyí lára ní láti ṣínu lójú kan náà pẹ̀lú omi ṣúgà, oyin tàbí ohun dídùn mìíràn, kò gbọdọ̀ sọ pé ó ku wákàtí kan kí oòrùn wọ̀. Bí aláàwẹ̀ kò bá mọ ohun tí ó ń ṣe mọ́, tàbí tí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ má ṣe da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ilé-ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá. Fún àwọn tí wọ́n ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà nílé, àwọn oníṣègùn gbà pé bí ó bá ti lọ sílẹ̀ ju 70 mg/dL, tàbí tí ó ga ju 300 mg/dL, kí a fòpin sí ààwẹ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀sìn sì gbà pé gígún ìka láti wo ṣúgà kò ba ààwẹ̀ jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni aboyún, ìyá tí ń fọ́mọ lọ́yàn, arúgbó tí ara rẹ̀ kò le, ọmọdé, ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu, àti ẹni tí ọgbẹ́ inú ń dà láàmú. Kí olúkúlùkù wọn kọ́kọ́ lọ rí oníṣègùn, ó dára kí ó jẹ́ oṣù kan tàbí méjì ṣáájú, kí oníṣègùn lè yí àkókò oògùn padà tàbí kí ó sọ fún un pé ààwẹ̀ kò yẹ ẹ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àlùkùráánì fúnra rẹ̀, ní orí kejì, yọ̀ǹda fún aláìsàn àti arìnrìn-àjò láti má gbààwẹ̀ ní àsìkò náà. Ẹni tí a yọ̀ǹda fún, tí ó wá fi agídí gbà á títí ó fi dákú, kò lè sọ pé ẹ̀sìn ni ó pa òun lára.

Bí A Ṣe Lè Ṣe É nílé Wa

Ẹnìkan lè bi wá pé: àwọn baba wa kọ́ ni wọ́n ń jẹ iyán ní alẹ́, tí wọ́n sì lágbára bí erin? Òtítọ́ ni. Oúnjẹ alẹ́ ni oúnjẹ ńlá ní ilé àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Àgbẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko, ó ti fi ọkọ́ ṣiṣẹ́ tí oòrùn fi yí, ó sì ti fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ní kété tí ilẹ̀ ń ṣú ni oúnjẹ ń jinná. Lẹ́yìn rẹ̀ ni eré òṣùpá, àlọ́ àti ọ̀rọ̀ ilé, kí oorun tó dé. Kò sí iná mànàmáná tí ń tan ọpọlọ jẹ pé ilẹ̀ kò tíì ṣú.

Ẹ fi èyí wé olùkọ́ ìlú ńlá lóde òní. Aago 6 òwúrọ̀ ni ó jáde nílé láìfẹnu kan nǹkan. Orí ìjókòó àti ìdúró kíláàsì ni ó ti lo ọ̀sán, pẹ̀lú ìpápánu kékeré. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ dá a dúró di aago 9 alẹ́. Aago 10 ni ó jẹ àmàlà, aago 10 ààbọ̀ ni ó sì ti ń hanrun. Àmàlà kò ṣẹ̀. Ìgbà tí a jẹ ẹ́ àti ohun tí a ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni ó yí padà. Bí ti akẹ́kọ̀ọ́ náà ni ó rí, ẹni tí ń fo oúnjẹ òwúrọ̀ nítorí ẹ̀kọ́ aago 8, tí ó wá ń mu gàárì ní aago 1 òru nítorí ìdánwò.

Kí ni ṣíṣe? A kò sọ pé kí gbogbo ènìyàn máa parí oúnjẹ ní aago 3 ọ̀sán. Iṣẹ́ àti ìrìn-àjò kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́rin wà tí kò ju agbára ẹnikẹ́ni lọ. Èkíní, kí á gbé oúnjẹ tí ó wúwo sí ọ̀sán bí a bá rí ààyè, kí ti alẹ́ sì fúyẹ́: ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, tàbí ẹ̀wà díẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́. Èkejì, kí á fi wákàtí méjì tàbí mẹ́ta sí àárín oúnjẹ ìkẹyìn àti oorun. Ẹni tí ó mọ̀ pé alẹ́ ni òun yóò wọlé lè gbé oúnjẹ dání lọ síbi iṣẹ́, kí ó jẹ ẹ́ ní aago 5 tàbí 6. Ẹ̀kẹta, kí àkókò oúnjẹ wa má máa yí kiri lójoojúmọ́, nítorí pé aago tí a ń yí síwá-sẹ́yìn kò lè sọ òtítọ́. Ẹ̀kẹrin, kí á jáde sí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, kí á sì dín iná àti tẹlifíṣọ̀n kù bí oorun bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n mọ ohun tí mo ń sọ.

Nọ́ọ̀sì, ọlọ́dẹ òru àti awakọ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ti òru kò lè yí iṣẹ́ padà. Kí àwọn wọ̀nyí jẹun dáadáa kí wọ́n tó lọ sí ibi iṣẹ́, kí ohun tí wọn yóò jẹ láàrin ọ̀gànjọ́ sí ìdájí mọ níwọ̀n, kí wọ́n sì jẹ ìwọ̀nba nǹkan fífúyẹ́ kí wọ́n tó sùn ní òwúrọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni a fi ọ̀rọ̀ yìí lé. Nígbà tí ọmọ kan bá ń tòògbé ní kíláàsì ní aago 10 òwúrọ̀, kí ẹ tó pè é ní ọ̀lẹ, ẹ béèrè ìgbà tí ó jẹun kẹ́yìn àti ìgbà tí ó sùn. Bí oṣù ààwẹ̀ bá sì ń bọ̀, ẹ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín kí wọ́n lè sọ fún ìyá àti bàbá wọn tí ń lo oògùn àtọ̀gbẹ pé kí wọ́n kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá gbé délé láti ẹnu olùkọ́ a máa wọ etí àgbà. Aago ara kò ní agogo tí à ń gbọ́, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ó ń lù.